Báwo ni a ṣe ń mọ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ yi lórí pápá bésíbọ́ọ̀lù àti sọ́fítíbọ́ọ̀lù?

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwa tí a ń tọ́ ọmọ ní Amẹ́ríkà ni ọmọ wa ń gbá bésíbọ́ọ̀lù tàbí sọ́fítíbọ́ọ̀lù ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí. Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Táíwò, èyí ọkùnrin, ni ó ń ju bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ bésíbọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Kẹ́hìndé, èyí obìnrin, ń gbá sọ́fítíbọ́ọ̀lù, àárín bésì kejì àti bésì kẹta ni ó sì máa ń ṣọ́ (bésì ni àwọn ibi tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ sáré kàn). Nígbà tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá méjèèjì pe àwa òbí jọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún wa: bí ọwọ́ ọmọ méjì bá dọ́gba, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá yi jù ni àwọn yóò mú sínú ikọ̀ àgbà. Gbogbo wa mi orí. Nígbà tí mo délé ni mo wá rí i pé n kò mọ ohun tí wọ́n ń wò gan-an.

Ohun tó rú mi lójú nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, bọ́ọ̀lù kan yí nílẹ̀ wá bá Kẹ́hìndé, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, bọ́ọ̀lù náà sì gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹni méjì láti ikọ̀ kejì ló sáré wọlé nítorí àṣìṣe yẹn. Láti ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí omi lójú rẹ̀. Ó fi apá aṣọ nu ojú, ó na ìka méjì sókè láti rán àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí pé ẹni méjì ni wọ́n ti lé kúrò, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó la ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àfi bí ẹni pé wọ́n rán bọ́ọ̀lù tó tẹ̀lé e sí i ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló tún bá lọ. Ó gbé e, ó sọ ọ́ sí bésì kìíní, wọ́n lé ẹni kẹta kúrò, abala eré náà sì parí. Omijé ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí ó ń sáré padà sórí bẹ́ǹṣì.

Táíwò ní tirẹ̀ kì í sunkún. Yálà wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọjá ògiri pápá, yálà wọn kò rí i gbá rárá, ojú kan náà ni yóò gbé. Bàbá wọn ní akọni nìyẹn, pé Kẹ́hìndé ni kí a wá nǹkan ṣe sí. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣàkíyèsí pé bí ẹnìkan bá ti gbá bọ́ọ̀lù Táíwò dáadáa lẹ́ẹ̀kan péré, ńṣe ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yára jù ú, bọ́ọ̀lù náà yóò máa lọ sókè, kò sì ní lè sọ ọ́ síbi tó yẹ mọ́ títí wọn yóò fi fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ta ni ọkàn rẹ̀ yi nínú àwọn méjèèjì? Kí ni àwọn tó mọ eré yìí máa ń wò? Ẹ jọ̀wọ́, n kò fẹ́ ìtùnú, ohun tí màá fi ojú mi rí nígbà tí mo bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo fẹ́ mọ̀.

Bàbá Adéọlá, Atlanta

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè wọn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ran akọ́nimọ̀ọ́gbá bésíbọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí, ọ̀rọ̀ tí ẹ béèrè yìí sì ni à ń jókòó sọ ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ sáà nígbà tí a bá fẹ́ yan ọmọ.

Eré yìí, ìkùnà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí òbí kò bá sì kọ́kọ́ gba èyí, kò sí ohun tí yóò rí tí yóò yé e. Ní ọdún 1941, Ted Williams ti ikọ̀ Boston gbá bọ́ọ̀lù débi pé òǹkà ìgbá rẹ̀ tó yọrí sí rere jẹ́ .406, títí di òní ni wọ́n sì ń fi yangàn. Ẹ wò ó dáadáa: bí igi bá kàn án, ìyẹn bí ó bá kàn án láti gbá bọ́ọ̀lù, nígbà mẹ́wàá tí wọ́n kà mọ́ òǹkà yẹn (wọn kì í ka ìgbà tí wọ́n bá fún un ní bésì lọ́fẹ̀ẹ́), nǹkan bí ìgbà mẹ́fà ni ìgbá ọkùnrin yẹn kì í yọrí sí rere, ní ọdún tí wọ́n ń pè é ní àgbàyanu. Abala méje ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń gbá, nítorí náà ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni igi máa ń kan ọmọ kan lọ́jọ́ kan. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí a mọ̀ nílé, ẹni tó bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá yóò rí òmíràn sá tẹ̀lé kí ojú tó tì í tán. Nínú èyí, gbogbo nǹkan á dúró, ojú gbogbo ènìyàn á wà lára rẹ̀, ó sì lè tó wákàtí kan kí igi tó tún kàn án. Inú ìdúró yẹn ni ọkàn ọmọ ti ń hàn.

Nítorí náà, ìgbà tí ọmọ bá gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà kọ́ ni mo máa ń wò ó, inú ta ni kò ní dùn nígbà yẹn? Mo máa ń wo nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀lé ìgbà tí ó kùnà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a ní ọmọ kan tí kò ga, tí kò sì ní agbára púpọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ìrísí rẹ̀ nìkan kò ní yàn án. Ní ọjọ́ kan, ó fi igi na afẹ́fẹ́ nígbà kẹta, wọ́n sì lé e kúrò nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wà lórí bésì tí wọ́n ń retí pé kí ó gbé àwọn wọlé. Ó rìn padà, ó rọra fi igi rẹ̀ ti ògiri, ó bọ́ akoto rẹ̀, ó sì lọ bá ẹni tí igi máa kàn lẹ́yìn èyí tó wà níwájú. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó dà bíi pé ó ń bọ̀ ní tààrà yẹn máa ń wọ́ sísàlẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Dúró dè é." Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọmọ yìí ni à ń wá. Ìkùnà rẹ̀ ṣì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ di ohun tí ẹlòmíràn lè lò.

Ẹ máa wo ojú ọmọ, ibi tí ó ń wò. Ṣé adájọ́ orí pápá ni ó ń wò, tàbí bàbá rẹ̀ lórí àga, tàbí akọ́nimọ̀ọ́gbá, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò dá a láre? Ẹ wo èjìká rẹ̀ nígbà tí ó ń sáré padà sí ipò rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ wo ohun kékeré tí ó máa ń ṣe kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù tàbí kí ó tó jù ú, nítorí ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: ẹlòmíràn á fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹlòmíràn á mí kanlẹ̀, ẹlòmíràn á di ọwọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá ń ṣe é bákan náà ní abala kìíní tí ara tù ú, àti ní abala keje tí eré ti gbóná gan-an, a jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wà níbi tó yẹ. Bí ó bá fò ó nígbà tí ọ̀rọ̀ le, ẹ̀rù ti gba ìjánu lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo rò nípa Táíwò nìyẹn, Ìyá Ìbejì. Ojú rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń sáré. Ó ń kánjú kí bọ́ọ̀lù tó bàjẹ́ lè di ohun àtẹ̀yìnwá, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá sì ní ojú inú yóò ti rí i. Èyí kì í ṣe ìdájọ́ ikú o. Ẹ̀kọ́ ni, a sì ń kọ́ ọ. Ken Ravizza, olùkọ́ tó mọ̀ nípa ọkàn eléré ìdárayá, bá ikọ̀ bésíbọ́ọ̀lù Yunifásítì Cal State Fullerton ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kọ́ wọn láti mí kanlẹ̀, kí wọ́n sì yan ohun kan lórí pápá tí ojú wọn yóò máa lọ bá nígbà tí ọkàn bá fẹ́ dàrú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìṣeré kékeré kan wà níbi tí ikọ̀ náà ń jókòó sí. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe á tẹ ọwọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ń fi omi ṣan àṣìṣe náà lọ. Ní sáà ọdún 2004, wọ́n pàdánù 16 nínú ìdíje 31 àkọ́kọ́ wọn, àwọn náà ló sì gba ife ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì ní Omaha nígbà tí sáà yẹn parí.

Àgbà Ìbàdàn, Chicago

Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Adéọlá, mo sì gbóríyìn fún un, ṣùgbọ́n mo fẹ́ yapa díẹ̀. Mo rò pé a ti ń kẹ́ àwọn ọmọ yìí jù. Ọmọ tó ń sunkún lórí pápá ti fi han ikọ̀ kejì pé ọgbẹ́ wà níbẹ̀, wọn yóò sì máa darí bọ́ọ̀lù sí i. Ẹ rántí Jackie Robinson nígbà tó wọ ikọ̀ Brooklyn ní oṣù kẹrin ọdún 1947, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú líìgì àgbà ní ìgbà ayé tiwọn. Wọ́n bú u, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí i lára, kò sì fèsì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ yi nìyẹn lójú tèmi. Bàbá àwọn ìbejì kò jìnnà sí òtítọ́: ọmọ tí a kò lè ka ojú rẹ̀ ti gba ohun ìjà kan lọ́wọ́ alátakò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland

Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, mo sì gbá sọ́fítíbọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́rin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, èmi ni mo máa ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó mú igi láti mú bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ nìkan ni ènìyàn ti lè rí ojú gbogbo ẹni tó wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí gbogbo àwọn yòókù ló kọjú sí ọ.

Ẹ jọ̀wọ́ bàbá, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n omijé kò ní kí ojú má ríran. Àwọn àgbà wa ló sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Sọ́fítíbọ́ọ̀lù kì í fún ni láàyè púpọ̀: ẹsẹ̀ bàtà 43 péré ni ó wà láàárín ajubọ́ọ̀lù àti ilé, ibi tí ẹni tó mú igi máa ń dúró sí, nínú eré tiwa, nígbà tí tàwọn ọkùnrin jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íǹṣì 6. Ẹsẹ̀ bàtà 60 sì ni láti bésì kan dé èkejì, ti bésíbọ́ọ̀lù jẹ́ 90. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ipò Kẹ́hìndé bá ṣe nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan láìmọ ohun tí yóò fi bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ẹni tó ń sáré ti dé bésì. Ọmọ tó sunkún, tó sì tún mọ iye ẹni tí wọ́n ti lé kúrò, tó tún fi ìka sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó tún gbé bọ́ọ̀lù tó tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kí ó máa sunkún rẹ̀. Lójú èmi tí mo wà lẹ́yìn ilé, ẹni tí mo máa ń bẹ̀rù fún ni ẹni tó dákẹ́ lójijì: ẹni tó máa ń pariwo pe bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì nítorí pé kò fẹ́ kí bọ́ọ̀lù bá òun mọ́.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín nípa nǹkan kan, ẹ̀yin òbí, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Wọ́n máa ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́ mi, bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni ojú mi ń lọ, nítorí mo mọ̀ pé yóò ti dìde dúró, yóò sì ti na ọwọ́ méjèèjì sókè. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí n tó wo ojú rẹ̀ tán, ajubọ́ọ̀lù mi ti ń retí kí n sọ irú bọ́ọ̀lù tó kàn fún un. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mi ló lọ bá a, tó bẹ̀ ẹ́ kí ó máa jókòó sí ẹ̀yìn ògiri apá òsì níbi tí n kò ti lè rí i. Sáà yẹn ni mo tó gbá eré bí ènìyàn. Nítorí náà, kí a tó sọ pé ọkàn ọmọ kò yi, ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá ẹrù tiwa ni ó ń gbé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Ìgboyà kọ́ ni kí ọmọ máa fi ìrora pamọ́. Láti ọdún 2017 ni ìlànà bésíbọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ girama káàkiri Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi òǹkà dé iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ lè jù lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sì fún un ní ọjọ́ ìsinmi. Ní Texas tiyín, 110 ni òpin rẹ̀ fún ikọ̀ àgbà. Òfin yẹn wà nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ kì yóò sọ̀rọ̀ láé, wọ́n á máa jù ú títí iṣan ìgbọ̀nwọ́ yóò fi já. Kò sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè fún sọ́fítíbọ́ọ̀lù, mo sì rí ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ mẹ́rin léraléra tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí kò lè fi apá yẹn di irun ara rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún.

Bàbá Adéọlá, Atlanta

Ọmọ Ìjẹ̀bú, o ṣeun, o kọ́ mi lóhun tí n kò lè rí láti orí bẹ́ǹṣì.

Àgbà, ẹ jẹ́ kí n fèsì lórí ti Robinson pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kì í ṣe pé ọkùnrin yẹn kò ní ìbínú. Branch Rickey, tó mú un wọ ikọ̀, ti bá a ṣe àdéhùn ṣáájú pé kò gbọdọ̀ gbẹ̀san ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí àkókò yẹn sì kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu rẹ̀ jáde. Ó yan ìdákẹ́jẹ́ nítorí ohun tí ó ń lépa, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nínú rẹ̀: òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó tayọ jù lọ́dún yẹn. Bí ojú Táíwò bá balẹ̀, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ náà sì balẹ̀, mo fara mọ́ ọn pé ohun ìjà ni. Èdè wa pàápàá ti ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Ọkàn líle kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn láàárín wa, ẹni tí àánú kì í ṣe ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá yi, bí awọ tó yi, o lè tẹ̀ ẹ́, o lè fà á, kò sì ní já.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi ni ti Armando Galarraga, ajubọ́ọ̀lù ikọ̀ Detroit, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2010. Ẹni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni igi kàn, gbogbo wọn ni ó lé kúrò láìsí ẹnìkan tó dé bésì. Ó ku ẹnìkan ṣoṣo kí ó ṣe ohun tí ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ péré ti ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá eré yìí sílẹ̀. Wọ́n lé ẹni yẹn náà kúrò, gbogbo ènìyàn rí i, ṣùgbọ́n adájọ́ orí pápá, Jim Joyce, na ọwọ́ pé ẹni náà ti dé bésì. Galarraga wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sórí òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù máa ń dúró lé, ó sì lé ẹni tó tẹ̀lé e kúrò. Joyce wo àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun ṣe àṣìṣe, ó sì tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ kejì, Galarraga ni wọ́n rán láti mú ìwé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ fún un lórí pápá, omi sì ń bọ́ lójú Joyce bí ó ti ń gbà á. Ọkàn méjèèjì ló yi lọ́jọ́ yẹn, ti ẹni tó rẹ́rìn-ín àti ti ẹni tó sunkún, nítorí pé Joyce tún ṣe ìdájọ́ lẹ́yìn ilé ní ọjọ́ náà títí eré fi parí.

Àgbà Ìbàdàn, Chicago

Ọ̀rọ̀ awọ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti gbọ́.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé.

Mo lọ jókòó sí ẹ̀yìn ògiri apá òsì gẹ́gẹ́ bí ọmọ wa ní Maryland ti wí, mo sì mú bàbá wọn dání. Ọwọ́ Táíwò ni mo ń wò, n kò wo ojú rẹ̀. Ní abala kìíní àti ìkejì, kí ó tó ju bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ó máa ń yí i nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní abala kẹta, ẹnìkan gbá a lọ sí ìdí ògiri. Láti ìgbà yẹn, kò yí bọ́ọ̀lù náà mọ́. Bàbá wọn pàápàá rí i, òun ló fọwọ́ tọ́ mi. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà tí n kò rí rí: lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ó ń fi apá ọ̀tún rẹ̀ gbọn, díẹ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn, bí ẹni tó ń gbọn omi dànù lọ́wọ́.

Nígbà tí a wọ ọkọ̀, mo bi í pé kí ló ń ṣe apá rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan. Kẹ́hìndé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá sọ pé, "Mọ́mì, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń dùn ún, yìnyín ló ń gbé sí i lóru, ó ní kí n má sọ." Ó ti ń sunkún kí ó tó sọ ọ́ tán. Táíwò kò bá a jà. Ó gbé orí lé gíláàsì fèrèsé, ó sì ní ẹ̀rù ló ba òun pé wọn yóò sọ pé ọkàn òun kò yi.

Bàbá wọn fi ọkọ̀ sí ẹ̀bá títì. Ó kọjú sẹ́yìn, ó sì di ọwọ́ ọmọ náà mú fún ìgbà pípẹ́ láìsọ̀rọ̀. Àwa fúnra wa ti pe akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì ní Táíwò kò ní ju bọ́ọ̀lù kankan títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ni a ó rí dókítà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gbé ọmọ lọ fún irú àyẹ̀wò ìgbọ̀nwọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi ohun tí ó yẹ kí n béèrè.